Pákó WPC létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́: ohun tí ojú mi rí nídìí ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá pákó ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WPC (wood-plastic composite) tó owó tí wọ́n ń pè é, ó tó o. Àmọ́ bí ẹni tó ń tà á bá sọ fún yín pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé, ẹ má gbà á gbọ́.

Létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ń ta oúnjẹ, orí pèpéle pákó yìí sì làwọn oníbàárà mi ti ń jẹ ẹja. Pákó igi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdọọdún la ń fi oògùn ikán kùn ún, síbẹ̀ ó ń jẹrà lábẹ́. WPC yàtọ̀ sí i: lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà ni. Kò fẹ́ ọ̀dà, ikán kì í sì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu.

Oríṣi méjì ló wà, méjèèjì ló sì wà lọ́wọ́ mi. Èyí tí wọ́n fi awọ rọ́bà bò lójú ni mo tẹ́ síbi tí oníbàárà ń jókòó. Èyí tí kò ní awọ, tówó rẹ̀ fúyẹ́, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bí epo pupa bá kán sórí àkọ́kọ́, àkísà àti ọṣẹ ti tó. Bó bá kán sórí èkejì tó sì sùn síbẹ̀ mọ́jú, ó ti wọnú rẹ̀ lọ nìyẹn, àpá rẹ̀ á sì dúdú. Nítorí náà, kí epo tó tutù ni kí ẹ ti nù ún.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àlàfo tó wà láàrin pákó kan sí èkejì. Kò ju mílímítà 5 sí 6 lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, kí omi lè rí ọ̀nà lọ, kí pákó sì ráàyè wú nígbà tí oòrùn bá mú. Iyanrìn, egungun ẹja àti ewé ló máa ń dí i. Bí omi kò bá ti rí ọ̀nà lọ, ẹ máa rí i tí etí pákó á kọ́kọ́ ṣú, tí nǹkan aláwọ̀ ewé á wá tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á pè mí: "Mọ́mì, ó tún ti ń yọ̀ níbí o." Ọ̀wọ́ ìgbálẹ̀ tó le díẹ̀ la fi ń ro ó. Ẹ má fi ọ̀bẹ ro ó, ó máa ha awọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́ bí ilà ara pákó ṣe lọ, kí ẹ má fọ̀ ọ́ dábùú. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí oòrùn ọ̀sán á gbẹ ọṣẹ mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó bu omi ṣàn án, ọṣẹ tó bá sì gbẹ síbẹ̀ ni eruku máa ń lẹ̀ mọ́. Lásìkò ọyẹ́, gbígbá lójoojúmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá láìfọ̀ ọ́, torí ìdọ̀tí tó wà lójú pákó gan-an ni èbu ń jẹ.

Kànrìnkàn onírin kò yẹ ẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni bleach, torí ó lè ṣí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tàwọn tó ń fọ mọ́tò fi ń tu omi lè ṣiṣẹ́, bí agbára rẹ̀ kò bá ju 1,500 psi (ìwọ̀n agbára tí omi fi ń jáde) lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ jìnnà sí pákó náà níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni ooru. Lọ́sàn-án gangan, ọmọ tí kò wọ bàtà kò lè dúró lórí rẹ̀. Mo ti ta tapólì bo apá kan, ibẹ̀ ni mo ń ní kí àwọn tó kó ọmọ wá jókòó sí. Ẹ tún ṣọ́ra fún rọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà lábẹ́. Ó máa ń fi àwọ̀ mìíràn sílẹ̀ síbi tó bá pẹ́ lé.

Bí owó bá wọlé lọ́dún yìí, màá tú ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná yẹn, màá tẹ́ èyí tó ní awọ síbẹ̀.