Ojú àfòpiná ṣiṣẹ́, ọrùn sunflower ló dá mi lágara

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí páńẹ́lì sólà yìí pé ohun mẹ́ta ni àwọn wò kọ́ṣẹ́ lára ìṣẹ̀dá: ojú àfòpiná, ewé tí omi kì í dúró lé, àti òdòdó sunflower tó ń tẹ̀lé oòrùn. Aṣọ ni mò ń rán, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń fi í ránṣọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín ni ti àfòpiná. Ẹni tó fẹ́ pa fìtílà tó pa ara rẹ̀, òun la fẹ́ lọ kọ́ ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀? Àṣé òótọ́ ni. Òru ni kòkòrò náà ń rìn. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ mànà kí ọ̀tá má baà rí i, kò sì gbọdọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó rí ṣòfò. Kókó wínníwínní ló kún ojú yẹn, wọ́n kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ kò wá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ parí sí tí ojú ti bẹ̀rẹ̀, ló bá wọlé láì ta padà. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí ara gíláàsì páńẹ́lì yìí. Gíláàsì lásán máa ń ta nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 padà ní ojú kan ṣoṣo, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí oòrùn bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Mo fọ páńẹ́lì tuntun yìí àti páńẹ́lì mi àtijọ́, mo gbé wọn sí ìdúró kan náà. 200 wáàtì làwọn méjèèjì. Lọ́sàn-án gangan, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan: 168 àti 173. Àárọ̀ kùtù ni mo ti rí èrè: àtijọ́ mú 41 wá, tuntun mú 47.

Ti ewé kò gùn. Wilhelm Barthlott, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ló ṣàlàyé bí ewé lotus, òdòdó kan tó ń hù nínú omi, ṣe ń fọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti da omi sórí ewé kókò rí ti rí i lójú. Omi á dì bí ìlẹ̀kẹ̀, á yí kúrò, á kó eruku dání. Gíláàsì mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ewé a máa sun ìda mìíràn jáde, gíláàsì ò ní. (Kànìnkànìn tí mo fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè dá kún un, mo gbà.) Bí òjò ò bá sì rọ̀, kí ló fẹ́ kó eruku lọ?

Apá irin tó ń yí páńẹ́lì náà tẹ̀lé oòrùn bíi sunflower ló wá bà mí nínú jẹ́. Ó ń han, eruku wọ eyín rẹ̀, atẹ́gùn ń tú bóòtù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó há síbi tí oòrùn wọ̀ sí, kò yí padà lóru, ó sì di ọ̀sán kí iná tó dé ara bátìrì. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra ẹ̀rọ mìíràn.

Sunflower kò ní ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ kan igi rẹ̀ ló ń yára dàgbà lọ́sàn-án, èkejì a sì ṣe tirẹ̀ lóru, ìyẹn ló ń yí i. Bó bá ti gbó tán, kì í yí mọ́: á kọjú sí ìlà oòrùn, á tètè móoru láàárọ̀, oyin á sì tètè wá bá a. Wọn ò kọ ìyẹn sára páálí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí wọ́n bá ń ta gíláàsì yẹn láìsí apá, màá ra òmíràn. Ọmọ mi ti fi bóòtù mú tèmi mọ́lẹ̀, ó kọjú sí ìlà oòrùn, torí àárọ̀ ni mò ń ránṣọ jù.