Mówà tí à ń gùn fún pápá ńlá: èwo ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tó kú?

Kùkùté màngòrò ló pa mówà wa, ẹ̀rọ tí à ń jókòó lé gé koríko, ní iléèwé wa tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Igi náà ti wó lọ́dún tó kọjá, àwọn tó gé e kò sì gé e dé ilẹ̀. Nígbà tí òjò dé, koríko bò ó. Bàbá ológbà wa gba orí rẹ̀ kọjá, a gbọ́ "gbàgà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mẹkáníìkì tú dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn irin tó bo abẹ tó ń gé koríko, sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tí sípíńdù, ọ̀pá tó ń yí abẹ, jókòó sí, irin náà sì wọnú bíi páálí tí omi ti rin. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì," ó ní, "dẹ́ẹ̀kì yìí ló ti kú tipẹ́." Ọdún mẹ́jọ la fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yẹn láìyẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, níbi tí koríko tútù ti ń lẹ̀ mọ́ irin, tó sì ń jẹ ẹ́.

Oṣù méjì ni mo fi wá èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Mo dé Ìlọrin, mo dé Ìbàdàn, mo dé Èkó níbi tí wọ́n ń já tòkunbọ̀ sí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ tò síwájú ẹ̀yin tó ń bójú tó ọgbà iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ńlá ní agbègbè wa. Lórí ilẹ̀ tó kún fún yangí, kùkùté àti ògán bíi tiwa, dẹ́ẹ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó béèrè agbára ẹ́ńjìnnì tàbí eré tí mówà lè sá.

Ẹ wọn ilẹ̀ yín ná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra irú èyí tó kú gan-an láìwọn ilẹ̀. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Éékà kan tó pílọ́ọ̀tì mẹ́fà, bí pílọ́ọ̀tì bá jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120. Pápá bọ́ọ̀lù tó gùn ní mítà 105, tó sì fẹ̀ ní mítà 68, kò pé éékà méjì. A ti ń rò pé tiwa tó éékà mẹ́fà. Nígbà tí a fi téèpù wọ̀n ọ́n, koríko tí à ń gé kò ju mẹ́rin lọ. Ìyókù jẹ́ ilé, ọ̀nà, àti abẹ́ igi kajú tí koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù sí.

Bí tiyín kò bá pé éékà kan, ẹ má ra mówà tí à ń gùn rárá. Èyí tí à ń fi ọwọ́ tì, tí abẹ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 21, ń gé bí ìdajì éékà ní wákàtí kan. Ẹ ra méjì, kí ènìyàn méjì máa tì í, owó á tún ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà kan wà láti mọ iye tí mówà lè gé. Ẹ mú fífẹ̀ dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ fi iye máìlì tó ń rìn ní wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Èsì rẹ̀ ni iye éékà tí yóò gé ní wákàtí kan, nígbà tí ẹ bá ti yọ àkókò tó fi ń yà kúrò. Ẹ jẹ́ ká mú oríṣi méjì tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀: lawn tractor, tó ní sítíárìn, àti zero-turn, tó ń fi ọ̀pá méjì yí po lójú kan. Lawn tractor tí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ jẹ́ ínṣì 42, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, bó bá ń rin máìlì mẹ́rin, yóò gé 1.4. Zero-turn ínṣì 54, bó bá ń rin máìlì mẹ́fà, yóò gé 2.7. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni zero-turn máa fi parí éékà mẹ́rin, lawn tractor á lò tó wákàtí mẹ́ta. Báyìí ni ẹni tó ń tà á ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ fún yín.

A yá zero-turn kan lọ́wọ́ ẹni tó ń gé koríko fún òtẹ́ẹ̀lì, a sì gbé e wá sí pápá wa. Pẹ̀lú yangí tó yọrí káàkiri, máìlì mẹ́ta ni Bàbá ológbà lè rìn kí ó tó máa fò lórí àga. Ní máìlì mẹ́ta, ínṣì 54 yẹn ń gé 1.35, lawn tractor náà ń gé bíi 1.05. Ìyàtọ̀ tó ju wákàtí kan lọ wá di nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Kí ẹ tó san owó eré, ẹ béèrè bóyá ilẹ̀ yín máa jẹ́ kí ẹ sá a.

Lawn tractor àti zero-turn, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

Lawn tractor dà bí ọmọ katakata: ẹ́ńjìnnì níwájú, sítíárìn lọ́wọ́, dẹ́ẹ̀kì lábẹ́ ikùn. Zero-turn kò ní sítíárìn. Ọ̀pá méjì ni awakọ̀ ń dì mú, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ọ̀kan síwájú tó fa èkejì sẹ́yìn, mówà á yí po lójú kan bí òòyì. Àwọn táyà kéékèèké iwájú kò darí nǹkan kan, wọ́n kàn ń yí kiri bíi ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ní ọjà ńlá ni.

Níbi tí igi pọ̀ sí, zero-turn lọ̀gá. Ìdí igi màngòrò tí lawn tractor máa yà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gé e yí ká, zero-turn á yí i po lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ àgbékọ́jìká gé ìyókù kò sì ní níṣẹ́ púpọ̀. Bí ọgbà yín bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, tó ní igi ogún sí ọgbọ̀n, tó sì ju éékà márùn-ún lọ, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ ra zero-turn.

Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ lẹ̀rù ti ń bà mí. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń ti zero-turn, àwọn náà ló ń darí rẹ̀, àwọn náà ló sì ń dá a dúró. Lórí koríko tútù, bí wọ́n bá yọ̀, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn kíláàsì wa dà lọ sí odò kékeré kan, ibẹ̀ gan-an ni koríko ti ń ga jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà tó ń bá mówà tí à ń gùn wá ló ní kí a má ṣe gé ilẹ̀ tí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ju dígíríì 15 lọ. Bí ẹ bá rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin síwájú tí ilẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Mówà tí à ń gùn, a máa ń gé e lọ sókè, a máa gé e wá sísàlẹ̀. A kì í gé e gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́. Èyí tí à ń fi ọwọ́ tì, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ bọ́ sábẹ́ abẹ. Bí zero-turn bá ní irin tó ga lẹ́yìn àga láti dáàbò bo orí, ẹ de bẹ́líìtì àga nígbà tí irin náà bá wà lóòró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ láti kọjá lábẹ́ ẹ̀ka igi, ẹ má dè é.

Nítorí ẹ̀yìn kíláàsì yẹn ni mo ṣe yan lawn tractor, bó tilẹ̀ jẹ́ pé zero-turn ni ọ̀gá wa kọ́kọ́ fẹ́.

Ohun tó ń wa táyà

Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé. Ọ̀kan ní jíà bíi ti mọ́tò, ẹ ó máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ni hydrostatic, tí ọ́ìlì ń ti táyà. Ẹ kàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́, ó ń lọ, ó sì ń padà sẹ́yìn. Ó dùn ún wà, kì í sì í jẹ́ kó rẹ awakọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn lawn tractor olówó pọ́ọ́kú, inú àpótí irin tí wọ́n dì pa ni ọ́ìlì yẹn máa ń wà, wọn ò ṣe é fún ẹrù àti òkè. Bó bá ti gbó, ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo ni: ní àárọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tí ooru bá ti mú ọ́ìlì, kò ní lè gun òkè mọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ìṣẹ́jú márùn-ún wà á fún yín. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ gùn ún lọ sókè ní òpin rẹ̀.

Èyí tó ní jíà ni mo fẹ́ràn fún ìlú wa. Mẹkáníìkì tó mọ jíà ọ̀kadà lè tú u.

Dẹ́ẹ̀kì

Dẹ́ẹ̀kì kan wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ara páànù irin kan ṣoṣo. Òmíràn wà tí wọ́n jó irin nínípọn mọ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́ fúyẹ́, koríko tútù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ nítorí igun rẹ̀ yípo. Ti èkejì wúwo, ó wọ́n, ṣùgbọ́n bí yangí bá lù ú, yangí ló máa fọ́. Ara zero-turn àti mówà àwọn oníṣòwò lẹ ti máa ń rí i jù. Bí wọ́n bá sọ nínípọn rẹ̀ fún yín ní gauge, kí ẹ mọ̀ pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni irin nípọn sí: 10 nípọn ju 13 lọ.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ní Èkó, mo bá ọ̀kan tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà dúdú tó ń dán. Mo fi orí sùkúrù-dáráfà gún ẹ̀gbẹ́ ibi tí sípíńdù wà, ó wọlé ṣẹ́ṣẹ́, ọ̀dà sì ṣí kúrò bí èèpo ẹyin. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ mi abẹ kọ̀ọ̀kan sókè sódò. Bó bá ń mì, bẹ́rìǹ ti lọ. Kí ẹ yí i pẹ̀lẹ́ kí ẹ sì tẹ́tí. Bó bá ń dún bí ẹní ń lọ ata gbígbẹ, kí ẹ yọ owó sípíńdù tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti yọ ìbòrí ẹnu ibi tí koríko ń gbà jáde. Orí abẹ lè máa yí ní eré tó ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti dé, tí màngòrò Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń já bọ́, kóró rẹ̀ kan lásán tó láti fọ́ gíláàsì mọ́tò, àwọn ọmọ wa sì ń ṣeré níbẹ̀.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Ní Amẹ́ríkà, lawn tractor tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi $2,000 sí $2,500. Zero-turn ti ilé ń lọ láti nǹkan bíi $3,000. Ti àwọn tó ń fi gígé koríko jẹun ń kọjá $8,000. Ẹ fi owó ọkọ̀ ojú omi, kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè lé e, kí ẹ wá sọ ọ́ di náírà bí dọ́là ṣe rí lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ fi pọ̀ lọ́wọ́ wa, tèmi náà sì jẹ́ tòkunbọ̀. Mo fara mọ́ ọn, bí ẹ bá lè fi ara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Epo náà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ bí ẹṣin ogún ń mu bíi lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ní wákàtí kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní òpin oṣù karùn-ún 2023, tí a sì ń gé koríko láti oṣù kẹrin tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, ìṣirò yẹn kò ṣeé fojú fò.

Bẹ́líìtì ló máa kọ́kọ́ já. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ata kò ṣeé lò dípò rẹ̀, bí gígùn wọn tilẹ̀ bára mu. Á máa yọ̀, á gbóná, á jóná kí oṣù tó parí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ nọ́ńbà bẹ́líìtì dẹ́ẹ̀kì, ti abẹ àti ti sípíńdù sílẹ̀, kí ẹ fi béèrè ní Ìbàdàn àti Èkó. Bí Briggs & Stratton, Kohler, Kawasaki tàbí Honda bá wà lára ẹ́ńjìnnì, àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ wọ́n. Mo kọ mówà méjì tó mọ́ tónítóní sílẹ̀ torí pé n kò rí bẹ́líìtì wọn níbì kankan.

Níbi tí iná mànàmáná ti ń dúró déédéé nìkan ni èyí tó ń lo bátìrì ti dára. Bátìrì rẹ̀ bá kú, owó òmíràn kì í ṣe kékeré.

Katakata onísílásà ńkọ́?

Katakata tó ń fa sílásà, ẹ̀rọ ńlá tí à ń fi gé igbó, dára fún ilẹ̀ tí èkan àti ewé Akíntọ́lá ti gbà. Bí ọgbà yín bá ti di igbó, ẹ háyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó là á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe mówà: ó wúwo, ó ń tẹ ilẹ̀ tútù mọ́lẹ̀, táyà rẹ̀ ń hú koríko bàhámà níbi tó bá ti yà, ohun tó sì fi sílẹ̀ dà bí orí tí wọ́n fi ọ̀bẹ fá.

Ohun tí a rà

Lawn tractor tòkunbọ̀, ínṣì 42, jíà, ẹ́ńjìnnì sílíńdà méjì. Èyí tí mo fojú sí tẹ́lẹ̀ jẹ́ ínṣì 46, ṣùgbọ́n abẹ́ dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ kò mọ́. A san owó bẹ́líìtì méjì lé e. A sì ti fi í sínú àdéhùn iṣẹ́ Bàbá ológbà pé lẹ́yìn gbogbo gígé, kí ó ha abẹ́ dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú igi, nígbà tí wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ti kúrò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, èmi àti Bàbá fi ẹsẹ̀ rin pápá náà láti igun dé igun, ọ̀pá lọ́wọ́, a ń gún inú koríko. A rí kùkùté mọ́kànlá àti ògán mẹ́ta. A hú mẹ́jọ. Mẹ́ta tí gbòǹgbò wọn kọ̀, a ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, a sì fi ẹfun kùn ún.