Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta tiransímítà FM pẹ̀lú “ìwé àṣẹ NBC” ní Ìlọrin

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, Òffà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti gbogbo apá gúúsù Kwara, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín gbé iléeṣẹ́ rédíò kékeré kalẹ̀ nínú ilé, nínú mọ́ṣáláṣí tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ àmúpílífáyà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mò ń ṣe. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí dúdú kan wá, tiransímítà FM ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, wọ́n ní kò dún mọ́, kí n bá àwọn wò ó. Ẹni kan náà ló tà á fún gbogbo wọn: ọkùnrin kan tó ń polówó lórí WhatsApp, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń pàdé oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lónìí ní Tánkẹ̀, lọ́la ní Gáréèjì Òffà. Mi ò ní dárúkọ. Orúkọ tó ń jẹ́ fún ẹnì kan kọ́ ló ń jẹ́ fún ẹlòmíì, torí náà bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ dì mú.

Ohun tó ń sọ ni pé wáàtì 50 ni àpótí náà, pé wọ́n á máa gbọ́ yín láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, àti pé òun á fi ìwé àṣẹ NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, lé e, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní bi yín. Owó tó ń gbà lórí rẹ̀ tó ra ọ̀kadà àlòkù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí wáàtì, torí pé ibẹ̀ ni irọ́ náà ti rọrùn jù láti tú. Ẹ wo àdápítọ̀ tó wà nínú páálí. Àwọn tí wọ́n gbé wá bá mi, 12V 1A ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn fóòtì 12, áńpù 1. Ẹ fi fóòtì sọ áńpù di púpọ̀: 12 lọ́nà 1, wáàtì 12. Gbogbo iná tó lè wọ inú àpótí náà nìyẹn. Ẹni tó bu garawa omi kan sínú ìkòkò kò lè fa garawa mẹ́rin jáde níbẹ̀. Kódà kì í ṣe gbogbo iná tó wọlé ló ń di ìgbì rédíò. Nǹkan bí ìdajì, tàbí kó lé díẹ̀, ló ń bọ́ sójú àńtẹ́nà, ìyókù á di ooru. Tiransímítà wáàtì 50 tòótọ́ tó ń lo 12V á fa tó áńpù méje tàbí mẹ́jọ. Wáyà iná rẹ̀ á nípọn, irin tó ń fa ooru lẹ́yìn rẹ̀ á wúwo, fáànù á sì wà lára rẹ̀. Èyí tí ọkùnrin yìí ń tà wọ àpò agbádá.

Mo tú ọ̀kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹyọ áísì BA1404 kan (ègé ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe ìgbì FM), wáyà tí wọ́n fi ọwọ́ ká, àti tíránsítọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi sáńpépà ha nọ́ńbà orí rẹ̀ kúrò. BA1404 kò burú fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ mọ bí FM ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní PLL tó ń di ìgbì mú sójú kan. Ẹ gbé e sí 98 lówùúrọ̀ ọyẹ́, tí oòrùn bá ti mú lọ́sàn-án, ó ti sún kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ yín á sì máa yí bọ́tìnnì kiri.

Mítà lásán tí àwọn oníṣẹ́ iná ń gbé kiri ti tó fún ìdánwò yìí. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ wọn áńpù tó ń fà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ní mítà á ba ẹ̀rọ jẹ́, ẹ dìde kí ẹ máa lọ ilé yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Ṣebí ó tàn án lójú wa, ó sì dún.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé rédíò kékeré lọ́wọ́, orin ń jáde láti inú fóònù rẹ̀, ó rìn dé ìsàlẹ̀ títì, ó ṣì ń dún. Ìwọ̀nba ìgbì tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan lè ṣe ìyẹn. Ní ti fídíò tó ń fi hàn, tí mọ́tò ń lọ sí Gánmọ̀ tí rédíò inú rẹ̀ sì ń dún, kò sóhun tó fi hàn pé àpótí tirẹ̀ ni ohùn náà ti ń wá.

Bí wáàtì 50 bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò ní dé Òmù-Àrán. Ilẹ̀ ayé yí, ìgbì FM kì í sì í bá a yí lọ títí. Àńtẹ́nà tó ga ní mítà 10 lórí òrùlé yín, nǹkan bíi kìlómítà 13 ni ojú rẹ̀ mọ. Níbi tí kò tilẹ̀ sí òkè tàbí ilé kankan tó dínà, ẹ ní láti sọ wáàtì di ìlọ́po mẹ́rin kí ọ̀nà tó di ìlọ́po méjì. Harmony 103.5 ní Ìdófìàn àti Royal 95.1 tí ẹ ń gbọ́, òpó gíga ló ń gbé ohùn wọn lọ, kì í ṣe àpótí orí tábìlì.

Ibi tí jìbìtì náà ti wá jinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àńtẹ́nà. Òótọ́ ni pé tí ẹ bá tan tiransímítà láìso àńtẹ́nà mọ́ ọn, tàbí tí gígùn àńtẹ́nà kò bá a mu, agbára tí kò rí ọ̀nà jáde á padà sínú, á sì jó tíránsítọ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ń jẹun. Irin fífà ti rédíò àtijọ́ ló ń fún wọn, pẹ̀lú wáyà tẹlifíṣọ̀n 75 ohm tó ń pè ní wáyà àkànṣe láti Jámánì. Tó bá ti jó, á ní ẹ̀yin lẹ tàn án láìní àńtẹ́nà, òun ò ní dá kọ́bọ̀ padà. Fún 98 MHz, tó bá jẹ́ àńtẹ́nà alápá méjì, irin apá méjèèjì lápapọ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ mítà 1.46, ẹ fi rúlà wọn èyí tó gbé wá. Ẹni tó ń ta ojúlówó á gbé mítà wáàtì àti ohun tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pè ní dummy load 50 ohm, tó ń gba agbára náà dípò àńtẹ́nà, wá, á sì fi wáàtì tó ń jáde hàn yín kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ó kan bébà. Òfin tó dá NBC sílẹ̀, Dìkírì 38 ti ọdún 1992, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbóhùn sáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ. Iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tàbí ìjọba ló lè gbà á. Kì í ṣe ẹnì kan lórúkọ ara rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí oníṣòwò ń fi sínú páálí. Abala kẹwàá òfin náà tún là á mọ́lẹ̀ pé wọn kò ní fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìwé àṣẹ. Ẹ wá wo bébà tó fún mọ́ṣáláṣí kan, tí wọ́n kọ orúkọ mọ́ṣáláṣí náà gàdàgbà sí lábẹ́ àmì ìjọba! Òfin fúnra rẹ̀ ló sọ pé irú bébà bẹ́ẹ̀ kò lè wà.

Tí ẹ bá bi í, á ní tí kò bá ti tó wáàtì kan, kò sí òfin tó mú un. Òfin Amẹ́ríkà ló gbọ́ fìrí. Ti Amẹ́ríkà náà kò fàyè gba wáàtì kan. Ìgbì tí wọ́n gbà láìsí ìwé kéré débi pé kì í kọjá nǹkan bíi mítà 60. Kì í sì í ṣe pé àwọn tó ṣe òfin kàn ń ni aráyé lára. 108 MHz ni FM parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ìgbì àwọn ọkọ̀ òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀, àpótí tí kò ní ohun tó ń sẹ́ ìgbì rẹ̀ sì lè da ìdọ̀tí síbẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú kò jìnnà sí wa ní Ìlọrin.

Ohun tó gbọ́kàn lé jù ni pé ẹ ò ní lè pariwo. Ẹni tó bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá á ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi tiransímítà ṣe nílé, bẹ́ẹ̀ ni Lèmọ́mù tàbí pásítọ̀ kì í fẹ́ kí ìjọ gbọ́ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Kí ẹ tó sanwó, “ẹ̀yin bàbá wa” ni ó ń pè yín, á dọ̀bálẹ̀ lórí títì. Lẹ́yìn náà, ohùn tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà mi kan rèé: “Bàbá, ẹ lọ fẹjọ́ sùn, kí wọ́n mú àwa méjèèjì.” Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn pa yín lẹ́nu mọ́. Ayédèrú ìwé ìjọba ló tà, EFCC sì ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin.

Tó bá jẹ́ pé wáásí tàbí ìwàásù ni ẹ fẹ́ kó jìnnà, Mixlr, áàpù tó ń gbé ohùn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù, ń gbé e dé ibi tí àpótí náà kò lè dé láé, ẹ sì lè ra àsìkò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò tó ti ní àṣẹ. Tó bá jẹ́ ìlú tàbí àdúgbò lápapọ̀ ló fẹ́ rédíò tirẹ̀, NBC ni kí wọ́n kọ̀wé sí.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kí wọ́n gbìyànjú láti dá owó dúró nínú àkáǹtì tó gbà á. Ẹ má pe ọkùnrin náà ṣáájú báńkì. Tó bá ti mọ̀ pé ẹ fura, owó á ti kúrò níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó kọ sí yín lórí WhatsApp rẹ́, kí ẹ sì tọ́jú bébà, àpótí àti àdápítọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.