Díráyà oníná alátẹ márùn-ún fún ewé gbígbẹ n'Íléṣà: lẹ́yìn òjò ọdún méjì

Láti oṣù Òkúdù títí di Ọ̀wàrà, ẹni tó bá sá efínrín síta n'Íléṣà, olú ló ń tọ́. Ewé tí a tẹ́ sórí tapólì láàárọ̀, òjò ọ̀sán á lé e wọlé. A ó kó o jọ sí kọ̀rọ̀, á máa mooru níbẹ̀ mọ́jú, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti dúdú, ó ti ń rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Orí àjà ìdáná ṣì ń gbẹ ewé o, ṣùgbọ́n èéfín á wọ inú rẹ̀, ta ló sì fẹ́ mu tíì efínrín tó ń rùn bí ẹja yíyan? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń di ewé gbígbẹ sínú ọ̀rá tà fi ń béèrè díráyà oníná.

Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lára àwọn tó kéré jù. Ó rí roboto, àtẹ oníke márùn-ún ni wọ́n tò lé ara wọn, fáànù àti wáyà ooru wà nísàlẹ̀, ihò wà lórí ìdérí. Kókó kan ló ní tí à ń yí láti 35 dé 70 °C, 350 watt ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Kò ní aago tó lè pa á fúnra rẹ̀. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀ lọ́jà, inú kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fáànù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nígbà òjò, fáànù kọ́ ló ń gbẹ ewé, ooru ni. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 27 °C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 90%, ti ru omi bíi gíráàmù 23 nínú àyè tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò lè ru tó 26. Àyè gíráàmù mẹ́ta péré ló kù fún un. Ẹ wá mú afẹ́fẹ́ kan náà yẹn gbóná dé 45 °C: ó ti lè ru 65. Omi inú rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin rẹ̀ ti wá sí nǹkan bíi 35%, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, ara ewé ni yóò sì ti fa omi tí yóò mu. Ẹni tó bá gbé fáànù àjà sórí ewé nínú oṣù Agẹmọ kàn ń da ewé láàmú ni. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: inú ilé, ibi tí oòrùn kò dé, ọjọ́ mẹ́ta, ewé ti gbẹ, kí díráyà máa sinmi.

Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó bá a wá (wọn ò kọ ọ́ rárá ni ká sọ). Kílò kan ewé tútù, bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ 80%, gíráàmù 200 ni ojúlówó ewé inú rẹ̀. Tó bá gbẹ dáadáa á kù bíi 220. Ìyẹn ni pé gíráàmù 780 omi, ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà, ni ẹ̀rọ yìí máa tú sínú yàrá yín. Yàrá tó jẹ́ mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.5, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò lè gba tó gíráàmù 70 sí i ní àsìkò òjò. Tí fèrèsé bá wà ní títì, omi tó tú jáde lókè náà ni fáànù á tún máa fà wọlé nísàlẹ̀. Ẹ gbé e sítòsí fèrèsé tó ṣí, ní ibi tí òjò kò lè fẹ́ dé, kí ìdí rẹ̀ sì ga sílẹ̀ díẹ̀ kí fáànù lè rí èémí fà.

Kókó ooru orí rẹ̀ kì í sọ òtítọ́. Tí a bá yí i sí 45 láìkó nǹkan sí i, ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru nínú àtẹ ìsàlẹ̀ á fi 52 hàn, ti òkè pátápátá á fi 43 hàn. Nígbà tí ewé tútù bá wà nínú rẹ̀, àtẹ òkè kì í kọjá 36 fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, nítorí omi tó ń gbẹ ń gbé ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń mú ara tutù. Fún efínrín, 40 ni mo ń yí i sí, èyí tó túmọ̀ sí bíi 46 nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró tó ń mú efínrín ta sánsán a máa bá ooru fò lọ, nítorí náà bí òórùn rẹ̀ bá gba gbogbo ojúlé títí kan ti aládùúgbò, ohun tí oníbàárà fẹ́ fowó rà ló ń jáde lọ yẹn.

Ẹ já ewé lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ẹ ṣàn án, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ lábẹ́ fáànù fún wákàtí kan sí méjì, títí omi tó hàn lójú ewé yóò fi tán. Iṣẹ́ ìyẹn ni fáànù mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ yọ igi rẹ̀ kúrò, torí igi máa ń gba ìlọ́po méjì àkókò tí ewé gbà, inú igi yẹn sì ni omi máa ń sá pamọ́ sí títí dìgbà tí a bá ti di ewé sínú ìgò. Gíráàmù 200 ni kí ẹ kó sí àtẹ kan. Ó máa ń dà bíi pé kò tó, ẹ má fi kún un. Tí ewé bá ki jù, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó fẹ́lẹ́ kọjá, àárín á sì máa sè. Ní wákàtí kan àbọ̀, ẹ gbé àtẹ ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí gbogbo ìyókù sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan. Kílò kan efínrín ń gba wákàtí mẹ́fà sí méje nígbà òjò, kì í sì í ju yúnìtì iná méjì àbọ̀ lọ.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀: tí àtẹ méjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, àwọn kan á ki ewé tútù tuntun sí ìsàlẹ̀ wọn kí iná má baà ṣòfò. Omi ewé tuntun gba àárín ewé tó ti gbẹ kọjá ni, ó sì máa ń rọ̀ padà. Ẹ parí ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ní ti iná, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti máa ń jáni kulẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Nígbà tí iná bá rẹ̀ láti 230 volt wá sí 180, bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, agbára wáyà ooru kì í dín ní ìdá kan nínú márùn-ún bí a ṣe rò. Ó ń wá sí bíi 215 watt nínú 350. Fáànù náà á máa yí jẹ́jẹ́. Ewé wà ní 33 °C, ó tutù, ó mooru, ìdérí wà lórí rẹ̀: ẹ ti ń ṣe ewé dúdú nìyẹn. Stabilizer kékeré tó jẹ́ 1000 VA yanjú rẹ̀. Tí iná bá lọ pátápátá, ẹ má fi ìdérí sílẹ̀ lórí rẹ̀ pé yóò dé láìpẹ́. Ẹ ṣí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tú àwọn àtẹ ká sórí tábìlì, nítorí ooru omi inú rẹ̀ á dì sára ìdérí, á sì máa kán padà sórí ewé. Tó bá ju wákàtí mẹ́ta lọ tí ewé kò tíì dé ìdajì, ẹ lọ fi ṣe ọbẹ̀.

Ní ti ẹni tó fẹ́ fi inverter gbé e, bátìrì 12 volt, 200 Ah, 2,400 Wh (yúnìtì iná 2.4) ló ń jẹ́ lórí ìwé. Tó bá jẹ́ olómi, ìdajì rẹ̀ ló yẹ ká lò kó má baà kú, díráyà yìí á sì jẹ ìdajì yẹn tán kó tó pé wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e, àmọ́ owó epo á jẹ èrè ewé.

Iṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀rọ, iṣẹ́ yìí ló sì ń ya ewé tó máa pé oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ sí èyí tó máa bu lọ́sẹ̀ kẹta. Ewé tó gbẹ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lálẹ́, tí a bá fi sílẹ̀ lórí àtẹ mọ́jú, á ti rọ̀ bí aṣọ lówùúrọ̀. Àwọn ènìyàn á ní ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ òru ló dá omi padà sínú ewé. Tí ẹ bá ti pa á, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni kó fi tutù, kó máa lọ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàràgàdà tó ní ọmọrí líle. Ẹ kún un dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ọ̀rinrin kékeré sí i, irú èyí tó tó ìbú ìka méjì, kí ẹ dé e pa fún wákàtí 24. Omi tó kù ní àárín ewé á tàn ká, nǹkan tí ẹ̀rọ bá kà nígbà náà ni òtítọ́. Tó bá wà nísàlẹ̀ 55%, ó ti parí. Láàárín 55 sí 62, ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Ọ̀sán tí oòrùn bá mú ni kí ẹ ṣí i o, kì í ṣe ìgbà tí òjò ń rọ̀. Tó bá lé ní 65, ó gbọ́dọ̀ padà sínú díráyà fún wákàtí kan sí méjì ní 40 °C, nítorí láti ibẹ̀ lọ sókè ni olú ti máa ń rí ọ̀nà.

Àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré yẹn náà ń purọ́. Iyọ̀ inú ilé ìdáná ni a fi ń mọ iye irọ́ tí ó ń pa: ẹ bu iyọ̀ sínú ọmọrí ìgò, kí ẹ kán omi sí i títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ ríro tó ki, ẹ má jẹ́ kó yọ́ tán. Ẹ gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ náà sínú ìgò tí a dé pa fún wákàtí 12. 75% ló yẹ kó kà. Ọ̀kan nínú méjì tí mo ní ń ka 70, ìkejì ń ka 77. Mo fi máákà kọ márùn-ún tí a ó fi kún un sí ẹ̀yìn ọ̀kan, mo kọ méjì tí a ó yọ sí ẹ̀yìn ìkejì. Ìrẹsì gbígbẹ tí wọ́n ń fi sínú ìgò kò lágbára tó nǹkan. Silica gel aláwọ̀ ọsàn, hóró kéékèèké tó ń fa omi mọ́ra, dára jù, tó bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ yan án díẹ̀ nínú ìkòkò, á padà bọ̀ sípò.

Atalẹ̀: ẹ gé e ní mìlímítà mẹ́ta, 50 °C fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà 55. Tó bá jẹ́ 65 ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn á le bí èèpo, inú á sì tutù. Ata ṣọ̀mbọ̀ gbọ́dọ̀ là gbọọrọ, odindi kì í gbẹ, gbogbo ilé á sì máa sín. Ẹ má ṣe gbẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ efínrín láé, ike àtẹ máa ń gba òórùn mọ́ra. Ìṣápá fún sóbò ń lọ dáadáa ní 55. Ewúro tí a ti fọ̀ ń gba wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án.

Ẹ̀rọ náà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rúnrún ewé já bọ́ sínú fáànù, fáànù ń yí jẹ́jẹ́, ooru pọ̀ jù, fíúùsì kékeré tí wọ́n so mọ́ wáyà ooru já. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ dúró tì í. Kó má fi wáyà lásán so ó pọ̀, nítorí fíúùsì yẹn nìkan ló wà láàárín yín àti iná ilé. Irú ìwọ̀n kan náà ni kó fi sí i, kó sì fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tó bá ń fi sọ́dà lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru sọ́dà á tún já tuntun náà.

Fún ẹni tó ń gbẹ kílò kan sí méjì lọ́jọ́, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó ń ra ewé ní àpò-àpò ní Ọjà Atákúnmọ́sà kò gbọdọ̀ fowó rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí fáànù rẹ̀ wà lẹ́yìn ni ẹ rí, tí owó sì tó o, ẹ ra ìyẹn, ẹ ò ní máa pààrọ̀ àtẹ. Tó bá jẹ́ ti onífáànù ìsàlẹ̀ yìí náà ni, kí ẹ tó tan án rárá, ẹ ra àwọ̀n fèrèsé tó ń lé ẹ̀fọn, ìwọ̀nba yáàdì kan ti tó, kí ẹ gé e roboto sí àtẹ ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rúnrún má baà rí fáànù dé.