Iṣẹ́ afinimọ̀nà láti Ìmẹ̀kọ dé Kétu

Àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí ìlú Kétu fúnra rẹ̀, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, ní Nàìjíríà òde òní, sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Afinimọ̀nà tí ó fi ọ̀kadà gbé wa gba ọ̀nà yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ní Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ó ní kí a dúró láàárín ìlẹ̀kùn méjèèjì kí a lè rí bí ọ̀tá tí ó bá wọ ti àkọ́kọ́ yóò ṣe há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ bí ogun Dàhọ́mì ṣe pa ìlú náà run ní 1886, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Nínú ọjà, ìyá aláta kan dá wa lóhùn ní Yorùbá, ó sì ka ṣéńjì wa ní Faransé. Ohun tí ó dùn mí ni pé afinimọ̀nà náà kò sọ ṣáájú pé kí a ṣẹ́ náírà wa sí sefà, ó sì kánjú kọjá ní Ìlárá. Síbẹ̀, màá tún pè é.