Oníṣẹ́ ọgbà wáyà tó ṣe oko mi lọ́nà Òkèhò: igun ni kẹ́ ẹ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí oko ká l'Ókè-Ògùn, bí oníṣẹ́ bá dé, ẹ má tíì bi í ní iye wáyà. Ẹ bi í bó ṣe máa ṣe igun. Ìdáhùn bàbá tó ṣe tèmi lọ́nà Ìsẹ́yìn sí Òkèhò ló jẹ́ kí n gbéṣẹ́ fún un.

Àwọn tó ṣe é ṣáájú ri òpó igun mọ́lẹ̀, wọ́n da kọnkéré sídìí ẹ̀, wọ́n fa wáyà, wọ́n gbowó lọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, òpó ti dagun sínú oko, wáyà ti dẹ̀, màlúù ń tẹ̀ ẹ́ kọjá wọnú ẹ̀gẹ́. Òkè ni wáyà ti ń fa òpó. Kí ni kọnkéré ìsàlẹ̀ fẹ́ ṣe sí i?

Igi ayin ni bàbá yìí lò, ó ní ikán kì í tètè rí i jẹ. Ó gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ń da iyẹ̀pẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìdí dígà gún un mọ́lẹ̀ títí tó fi le gbagidi. Ó ri òpó kejì sójú ọ̀nà wáyà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí ti igun, ó sì fi igi gbọọrọ dábùú àwọn méjèèjì lókè. Lẹ́yìn náà ló mú wáyà tó ki, ó so ó mọ́ ìdí òpó igun, ó fà á lọ sórí òpó kejì, ó sì tún fà á padà. Ó ki igi kékeré sáàárín okùn wáyà méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Bó ṣe ń lọ́ ọ, tí mo bá fìka ta á, ohùn ẹ̀ ń gòkè bíi ti gángan tí onílù fún mọ́ abíyá.

Ẹ fojú sí ibi tó so ó mọ́ o. Bí wáyà ọgbà bá fa igun, igun á ti igi ìdábùú, ìdábùú á ti orí òpó kejì. Orí yẹn gan-an ni wáyà tó lọ́ náà dì mú. Ẹni tó bá so ó láti orí igun sí ìdí òpó kejì kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà méjèèjì tí wáyà gbà kúrò ní igun ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Owó ẹ̀ wọ́n ju tàwọn tó kù lọ, kò sì ṣeé kán lójú rárá. Mo san án tayọ̀tayọ̀. Òjò ti pa ọgbà yẹn, ilẹ̀ ti rọ̀, ó ti tún gbẹ, òpó igun ò yẹ̀.

Ẹnu géètì nìkan ni mi ò fara mọ́. Wáyà parí síbẹ̀ náà, ó ń fà á bó ṣe ń fa igun, àmọ́ òpó kan ṣoṣo ló rì síbẹ̀, géètì sì ti ń wọ́lẹ̀ lápá kan. Ó ti gbà láti wá ri èkejì, owó igi nìkan ni màá san. Bẹ́ ẹ bá pè é, ẹ ti ka géètì mọ́ igun kẹ́ ẹ tó dúnàá-dúrà.