Nínú InDesign: Bọ́tìnì Àpapọ̀ tàbí Ìwọ̀n Tí A Fi Pamọ́?
Ẹni tó ń ṣètò ìwé wòlímà fún ìtẹ̀ ní Ìlọrin lè ṣí ojú-ìwé tuntun ní ọ̀nà méjì nínú InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé fún ìtẹ̀. Bí ó bá tẹ Ctrl, Alt àti N pọ̀, ojú-ìwé tó bá ìwọ̀n tó yàn kẹ́yìn mu ni yóò jáde láìsí ìbéèrè kankan. Ó yá gan-an, ṣùgbọ́n bí káàdì ló bá ṣe gbẹ̀yìn, ìwọ̀n káàdì ni yóò tún rí. Ọ̀nà kejì, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi pamọ́ sínú ètò náà, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò to A5, ìyẹn mílímítà 148 sí 210, pẹ̀lú àlékún mílímítà 3 tí ọ̀bẹ yóò gé kúrò, tí yóò sì fún un lórúkọ. Ó tilẹ̀ lè fi fáìlì ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀ffà, kí iṣẹ́ àwọn méjèèjì lè ṣe rẹ́gí.